Àáró Tí Ọkọ Mi Jẹ Àwọn Ọmọ Àdúgbò

Ilé ìwé àwọn ọmọ mi ló kọ́kọ́ jẹ́ ká mọ̀ pé sọ́mà wà ní Ìkọ̀lé. Kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, àwa rò pé òjò ni. Láti kékeré mi ni mo ti mọ oṣù kẹjọ ọdún mọ́ aṣọ tí kì í gbẹ lórí okùn, ògiri tó ń làágùn, àti ẹ̀fọn tó sanra ju adìẹ lọ. Àmọ́ ilé ìwé aládàáni tó ti gba owó gidi lọ́wọ́ ẹni kò lè pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní òjò. Wọ́n ní sọ́mà ni. Wọ́n ní lẹ́sìn sọ́mà sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí òbí tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ tètè wá fi orúkọ sílẹ̀. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ mi, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni èmi náà ní ilé ìwé ìjọba, mo sì mọ ohun tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń ṣe nídìí lẹ́sìn sọ́mà. Wọ́n jọ ń sùn ni. Mo ní kí àwọn tèmi sùn nílé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Obìnrin ni àkọ́bí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ti mọ gbogbo nǹkan tán láyé. Ọkùnrin ló tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún mẹ́fà, kì í dáhùn àfi téèyàn bá dárúkọ oúnjẹ. Obìnrin náà ni àbígbẹ̀yìn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ìyá mi ló ń bá mi tọ́jú wọn. Ìtàjí ni mo ti lọ mú un wá nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé oko mọ́, ó sì gbà láti tẹ̀ lé mi lórí àdéhùn pé ewúrẹ́ rẹ̀ yóò bá a wá. Ewúrẹ́ náà bá a wá, ó sì ní àyè tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé ju bí èmi ṣe ní in nínú ilé lọ.

Bàbá àwọn ọmọ ni kò sí nílé. Ọmọ Ùsì ni ọkọ mi, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ó sì máa ń sọ fún àwọn ará Àbújá pé ọmọ Èkìtì pọ́ńbélé ni òun. Ilé iṣẹ́ kan ló ń bá ṣírò owó ní Àbújá. Iṣẹ́ náà dára, wọ́n ń sanwó lásìkò, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi lè sọ pé kó fi í sílẹ̀. Ó yẹ kó wálé ní Kérésì, wọ́n ní aṣírò-owó kì í kúrò lórí àga ní ìparí ọdún. Ó yẹ kó wálé ní Àjíǹde, nǹkan mìíràn tún yọjú. Nígbà tí wọ́n wá fún un ní lífù, ìsinmi ẹnu iṣẹ́, ní oṣù kẹjọ, ó ti lé ní ọdún kan tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ti rí i lójúkojú kẹ́yìn.

Ìrọ̀lẹ́ ni ó wọlé, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Àwọn méjì àgbà sáré dì mọ́ ọn, wọ́n sì ń yẹ báàgì rẹ̀ wò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àbígbẹ̀yìn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, sà.” Ó lọ bu omi sínú kọ́ọ̀pù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó wá sún mọ́ mi, ó bi mí léèrè létí, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n lè gbọ́ ní òdìkejì títì, bóyá àlejò náà máa sùn mọ́jú.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò, kò sì sí ẹni tí yóò rí i tí kò ní sọ pé ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un pé Dádì nìyí. Ó mi orí. Dádì tí òun mọ̀ wà nínú fóònù, orí àti èjìká nìkan ló ní, kò ní ẹsẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. Ọkọ mi mu omi náà tán pátápátá, ó dá kọ́ọ̀pù padà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó yà sí ilé onílé.

Nígbà tó ku èmi àti òun nínú yàrá, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ó ní, “N ò ní padà sí Àbújá láìjẹ́ pé ọmọ yìí pè mí ní Dádì.”

Mo ní kó tètè bẹ̀rẹ̀, torí lífù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kò rẹ́rìn-ín. Mo wò ó, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára ju bí mo ṣe rò lọ, ni mo bá pa ẹnu mi dé, èyí tí kì í ṣe ìwà mi.

Bísíkíìtì ló kọ́kọ́ fi gbìyànjú. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì gbé e tọ̀ mí wá ní kíṣìnnì láti bi mí bóyá kí òun jẹ ẹ́, nítorí mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ ohun tí ẹni tí kò mọ̀ rí bá fún un. Ọkọ mi dúró lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní kó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo bàbá rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́ kì í ṣe ojú ẹni tí wọ́n ti rí rà.

Nígbà tí bísíkíìtì kò ṣiṣẹ́, ọkọ mi yíjú sí iṣẹ́ ọwọ́. Ó ti rí i lórí fóònù rẹ̀ ní Àbújá bí àwọn ìdílé òyìnbó ṣe ń gbádùn sọ́mà pọ̀, bàbá ń kan pákó, ọmọ ń gbé ìṣó, oòrùn ń ràn, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ó ní iṣẹ́ tí bàbá àtọmọ bá jọ ṣe ló máa ń so wọ́n pọ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ló kan ìṣó kẹ́yìn. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣó.

Jangilọ́fà ló fi bẹ̀rẹ̀. Igi máńgòrò wà lẹ́yìnkùlé, pákó wà, okùn ni kò sí. Ó wá rí okùn tó dára kan lẹ́sẹ̀ ògiri, ó tú u. Kò bi ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n fi okùn náà so. Àkọ́bí mi ṣì ń fò lókè, àbúrò rẹ̀ ń ké pé ó kan òun, nígbà tí ewúrẹ́ ìyá mi ti wọ ọgbà pásítọ̀ kan ní òpópónà kejì, tó sì ti jẹ ẹ̀fọ́ ugu tí ìyàwó pásítọ̀ gbìn títí dé ìdí. Ènìyàn Ọlọ́run ni pásítọ̀ náà, ó dárí jì wá. A gbọ́ pé ó fi wá wàásù ní Sọ́ńdè. Ní ti àbígbẹ̀yìn, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí kó wá gun jangilọ́fà, ó kọ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ gùn ún.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọ̀dà. Ó ra ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó ní kí àwọn ọmọ fúnra wọn kun yàrá wọn, kí wọ́n lè dàgbà tán kí wọ́n máa rántí pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ni. Wọ́n kùn ún. Wọ́n kun ilẹ̀, wọ́n kun fèrèsé, wọ́n kun orí ara wọn. Ẹni tó bá gbé ìlú wa mọ̀ pé ọ̀dà kì í gbẹ ní oṣù kẹjọ, ṣe ló máa ń rò ó wò. Ọmọkùnrin mi fara ti ògiri sùn, nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ìdajì rẹ̀ ti di ojú ọ̀run. Mo ń fi kẹrosíìnì nù ún, ó ń ké, ọkọ mi ń sọ pé yóò ṣí kúrò fúnra rẹ̀ tó bá yá. Àárín rúkèrúdò yìí ni àbígbẹ̀yìn wọlé, tó sì kí bàbá rẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́, sà.” Bó ṣe máa ń kí àwọn tó wá tún iná ṣe gan-an nìyẹn.

Ọkọ mi kò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò, ó ń yọ ọ̀dà lára èékánná rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo lè fi ẹnu gé ọkọ mi láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀tọ́ mi ni, èmi ni mo fẹ́ ẹ. Àmọ́ kí ọmọ tó bí máa kí i bí oníṣẹ́ ìjọba, ìyẹn ti kọjá ẹ̀fẹ̀.

Ó tún jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní òun ti rí i. Wọ́n máa kọ́ ilé amọ̀ kékeré sí ẹ̀yìnkùlé, ilé tí ọmọdé lè wọ̀ kó sì nasẹ̀, bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń kọ́ ọ. Ó ní yóò jẹ́ eré, yóò jẹ́ ẹ̀kọ́, yóò sì tún jẹ́ àṣà. Ìyá mi ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Ó gbójú sókè wo sánmà tó ṣú, ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀, ó ní, “Ùgbà ẹ̀ẹ̀rùn la ń kọ́ ulé, ọmọ mi.”

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu, mà, òun ti ra tapólì tí àwọn máa ta bò ó. Ìyá mi padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Kì í sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì fún àna.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń po amọ̀ ilé, ẹsẹ̀ ọmọ mẹ́ta àti ti aṣírò-owó kan kò sì lè pò ó débi kankan. Ọkọ mi bá jáde sí òpópónà, ó kó àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀ jọ. Ó ní kí wọ́n wá, kí gbogbo wọn jọ ṣe é ní àáró, bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní ìgbà mẹ́ta. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ.

Ẹni tó bá dàgbà sí ìhà ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀wẹ̀, ọ̀tọ̀ ni àáró. Tí o bá bẹ ọ̀wẹ̀, àwọn èèyàn á bá ọ ṣiṣẹ́, ìwọ á fún wọn ní oúnjẹ, á tán síbẹ̀. Àáró kì í tán bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ọ ṣe tìrẹ lónìí, ìwọ náà gbọ́dọ̀ bá a ṣe tirẹ̀ lọ́la, gbogbo ẹgbẹ́ yóò sì máa yí láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn títí yóò fi kárí. Èèyàn lè jẹ gbèsè owó kó sì máa yan kiri ìlú. Ẹni tó jẹ àáró kò ní ojú láti gba iwájú ilé ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìbàdàn tí wọ́n ti tọ́ ọkọ mi dàgbà, orí rédíò ló ti gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì, ó sì rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Àwọn ọmọ náà wá, wọ́n pọ̀ ju bó ṣe rò lọ. Olórí wọn ni ọmọbìnrin kan láti ilé tó kọjú sí tiwa, ọmọ bí ọdún mẹ́wàá, àgbẹ̀ tó ń bọ Ògún ni bàbá bàbá rẹ̀. Ohùn ọmọ náà dà bíi ti ìyá ìjọ, bó bá ní kí wọ́n dúró, wọ́n á dúró. Òun ló pín iṣẹ́. Àwọn kan ń pọn omi, àwọn kan ń gbẹ́ ilẹ̀, àwọn tó kù ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀, wọ́n ń kọrin. Àbígbẹ̀yìn mi mú agolo mílíìkì kan, ó ń bu amọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé e lọ síbi ògiri, ó ń padà wá bu òmíràn. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì wo ojú bàbá rẹ̀ rárá. Mo se ìrẹsì fún gbogbo wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá abọ́.

Ilé náà ga dé àyà ọmọkùnrin mi. Ọkọ mi ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ará Àbújá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìjì dé, ó gbé tapólì lọ sí ọ̀dọ̀ pásítọ̀ wa kan náà, òjò sì wá ṣe ohun tí òjò ń ṣe fún amọ̀ tútù. A dúró sójú fèrèsé, a ń wò ó. Ògiri iwájú kọ́kọ́ tẹrí ba, àwọn yòókù sì bá a kẹ́dùn. Ọkọ mi ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo rán an létí pé a kì í ṣe ọba.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, olórí àwọn ọmọ náà kan ilẹ̀kùn. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ kéékèèké. Ó kúnlẹ̀, ó ní àwọn wá mú ọkọ mi lọ, ọmọkùnrin tó ń sin ehoro ló kàn lónìí, ilé ehoro rẹ̀ ń jò. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ hàn án pé ilé náà ti wó, pé kò sí iṣẹ́ mọ́, kí wọ́n máa lọ ṣeré.

Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ulé ló wó, sà. Àáró kò wó.”

Ó fi kún un pé bàbá àgbà òun ló ní kí àwọn wá. Ọkọ mi wo ojú mi. Èmi náà wo ojú ìyá mi. Ìyá mi fi ọbẹ tó fi ń bó ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Ó ní, “O ti jẹ uṣẹ́ wọn, ọmọ mi. Bá wọn lọ.”

Báyìí ni lífù ọkọ mi ṣe di ti àdúgbò. Ó bá wọn tún ilé ehoro ṣe, ehoro náà sì bù ú jẹ. Ó bá àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan gbẹ́ ojú àgbàrá lẹ́yìn ilé wọn. Ọmọ kan mú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá, ó ní òun yan ìyẹn láàyò. Wọ́n ṣe ìpàdé lé e lórí, wọ́n sì dá a padà, wọ́n ní iṣẹ́ tí gbogbo ọwọ́ kò bá lè wọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àáró. Ọjọ́ tó kan olórí wọn, oko bàbá àgbà rẹ̀ lẹ́yìn ìlú ni wọ́n lọ, wọ́n ro ìdí ẹ̀gẹ́. Ọkọ mi padà wálé pẹ̀lú ọwọ́ tó lé ròrò, ọwọ́ tó jẹ́ pé bírò nìkan ló ti ń gbé láti ọdún wọ̀nyí. Mo bá a fi òrí pa á. Mo bi í bóyá òyìnbó inú fóònù náà ń roko ní sọ́mà. Ó ti sùn.

Bí ẹgbẹ́ àáró ṣe ń yí kiri, gbogbo wọn ló ń lọ, tó fi mọ́ àwọn mẹ́ta tèmi. Àbígbẹ̀yìn ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú agolo rẹ̀, kì í sún mọ́ bàbá rẹ̀, kì í sì í jìnnà jù. Nítorí pé àwọn méjì àgbà ń pe ọkọ mi ní Dádì, gbogbo ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tó fi di Dádì gbogbo òpópónà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jókòó sílé ń pè é ní Dádì. Ọmọ tí a kò mọ ibi tó ti wá ń pè é ní Dádì. Àfi ọmọ kan ṣoṣo tí òun fúnra rẹ̀ bí. Mo rí bó ṣe ń yíjú padà ní gbogbo ìgbà tí ọmọ kékeré kan bá pe orúkọ náà lẹ́yìn rẹ̀, tó sì máa ń já sí ọmọ ẹlòmíràn. Ó dùn mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ọmọ mi kí n sì pàṣẹ fún un pé kó pè é, àmọ́ kí ni èèyàn fẹ́ fi irú ìpè bẹ́ẹ̀ ṣe?

Lẹ́yìn náà ló kan ọmọbìnrin kan tí ìyá àgbà rẹ̀ ní ẹ̀gúsí tí wọn kò tíì bó. Èmi náà bá wọn lọ, torí ìdí ẹ̀gúsí ni ọ̀rọ̀ ìlú ti ń jáde. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n gbé àwo ńlá sáàárín, gbogbo wọn yí i ká. Ọkọ mi jókòó láàárín wọn, ó nasẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí bí ẹni tó ń já ìdí àṣírí. Ọmọkùnrin kékeré kan tí kò ju bí ọdún mẹ́rin lọ wá gun orí itan rẹ̀, ó fẹ̀yìn tì í, ó ń jẹ ẹ̀gúsí tútù.

Àbígbẹ̀yìn mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó dìde, ó da ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rin àárín àwo àti ẹsẹ̀ àwọn èèyàn kọjá, ó di ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà mú, ó fà á.

Ó ní, “Sọ̀kalẹ̀. Dádì mi ni.”

Ọmọkùnrin náà ní Dádì gbogbo wa ni.

“Rárá. Inú fóònù wa ló ti jáde.”

Kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn. Ọmọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹlẹ́rìí, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ mi gun orí itan bàbá rẹ̀, ó yí ara padà kó lè jókòó dáadáa, ó sì na ọwọ́ bu ẹ̀gúsí. Ọkọ mi tẹjú mọ́ àwo. Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ. Ó ń ju èèpo sínú àwo, ó ń da ẹ̀gúsí sílẹ̀, ìyá tó ni ẹ̀gúsí rí i, kò sì bá a wí. Mo wá ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ kan tí n ó sọ, n kò rí i. Ayọ̀ tó wọ inú mi lọ́jọ́ náà kò fi àyè sílẹ̀ fún un.

Láti ìgbà náà ni àbígbẹ̀yìn mi ti sọ ẹ̀kọ́ nù. Kò kúnlẹ̀ fún un mọ́, kò sọ “sà” mọ́. Ó ń pàṣẹ fún un pé kó gbé òun, kó sọ òun kalẹ̀, kó tún gbé òun. Ó ń jẹ ẹran inú abọ́ rẹ̀ láìtọrọ. Tí mo bá fẹ́ wẹ̀ fún un, ó ní Dádì ni. Tí oorun bá ń kùn ún, orí àyà rẹ̀ ló ń sùn sí, itọ́ ẹnu rẹ̀ á sì máa ṣàn sí ẹ̀wù rẹ̀. Mo ti ń rí ọkùnrin láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò tíì rí èyí tí ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ọmọ rẹ̀ dùn mọ́ nínú tó báyìí.

Lífù sì parí, bí mo ṣe kìlọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láago, ó ní kó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́la, ọ̀gá náà kì í sì í gba àwáwí. A kò sọ fún ọmọ náà. Èmi ni mo ní ká má sọ fún un, torí mo mọ ẹkún tí yóò sun, n kò sì fẹ́ gbọ́ ọ. Mo di gààrí, mo di èlùbọ́, mo di ẹ̀gúsí díẹ̀ tí ìyá ọjọ́sí fi ránṣẹ́. Ọkọ mi ti bá dẹ́rẹ́bà tó ń lọ sí Àbújá sọ̀rọ̀, pé kó pe òun ní kété tí mọ́tò bá ti ń kún ní gáréèjì. Ó wọ ṣòkòtò ìrìn àjò rẹ̀, ó wọ bàtà, ó gbé báàgì sẹ́nu ọ̀nà. A ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà Ọ̀mùò sí Kàbbà, bóyá kòtò rẹ̀ ti pọ̀ sí i, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kòtò ló wà lọ́kàn wa.

Ni olórí ẹgbẹ́ àáró bá tún dé pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí wa. Ọkọ mi ní òun ti ṣe ti gbogbo wọn tán, òun ń lọ nìyẹn. Ọmọbìnrin náà ní kò tíì tán, ó ku ẹnì kan. Ó nawọ́ sí àbígbẹ̀yìn mi tó ń jáde bọ̀ láti inú yàrá, oorun ṣì wà lójú rẹ̀.

Ọkọ mi ní ọmọ òun nìyẹn, ọmọ náà ló ni ilé tí wọ́n kọ́, báwo ni òun ṣe máa jẹ ẹ́ ní àáró? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Àwọn kan ní ó ti kéré jù. Àwọn kan ní kò sí ilé tí wọ́n lọ tí kò bá wọn débẹ̀.

Ìyá mi ló dá ẹjọ́ náà láti ibi tó wà. Ó ní, “Ó gbé amọ̀. Ojú mi ló ṣe.”

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀. Ó bi í irú iṣẹ́ tó fẹ́ kí àwọn bá a ṣe. Mo rò pé yóò dárúkọ jangilọ́fà, tàbí kí wọ́n mú ewúrẹ́ fún un. Ó ronú. Ó wo báàgì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ jókòó.”

“Kí n jókòó, kí n wá ṣe kí ni?”

“Ẹ ṣáà jókòó.”

Ọkọ mi jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà wá jókòó lé bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi ọwọ́ di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ mú. Nítorí pé gbogbo ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ bá ẹni tó bá kàn ṣiṣẹ́, olórí wọn fi ọkọ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ níwájú ilé wa, àwọn tó kù náà jókòó yí i ká. Àwọn méjì àgbà mi jókòó tì wọ́n. Kò sí ẹni tó ń ṣeré. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Fóònù dún lórí báàgì. Ọkọ mi kò lè dìde. Ó gbójú sókè, ó ń wò mí, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo gbé fóònù náà. Dẹ́rẹ́bà ní ẹnì kan péré ló kù tí mọ́tò yóò fi kún, ó ń béèrè ibi tí ọkọ mi wà. Mo ní kó fi ẹlòmíràn sí àyè náà, kó máa lọ, ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́.